Ìlà Kan Péré Nínú Ìwé Lineo

Ẹ máa bú mi. Mo ti mọ̀. Àmọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, torí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Kò lọ sísàlẹ̀, kò sì bọ́ síta.

Orúkọ mi ni Thembekile. Ẹni tó ṣeé fọkàn tán ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bàbá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀. Kò mọ irú ẹni tí òun gbé lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Ilé Dlomo ni mo lọ́kọ sí, lẹ́bàá Bulwer, níbi tí èèyàn ti ń rí òkè Lesotho látẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Mbongeleni ni ọkọ mi. Èmi ni ìyàwó àkọ́kọ́ tí àwọn ọmọkùnrin ilé náà gbé wọlé. Èmi ni ìyálé.

Bí ìyàwó bá wọ irú ilé tiwa, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀, kò gbọdọ̀ pe ti bàbá àgbà. Ìyẹn ṣì kéré. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìró orúkọ wọn bá wà nínú rẹ̀ ti di èèwọ̀ fún un. Ó di kó kọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tí àwọn obìnrin ilé náà fi ń rọ́pò wọn, kó sì máa rántí wọn nígbà tó bá ń jẹun, nígbà tó bá ń bínú, nígbà tó bá ń rọbí pàápàá.

Èmi tí mo mu isiZulu, èdè wa, mọ́ ọmú ìyá mi, mo tún bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ jòjòló. Mo ṣì í, mo tún ṣì í. Lọ́dún kìíní, mo pe omi ní orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é níwájú bàbá ọkọ mi. MaNgubane, ìyá ọkọ mi, ju síbí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"MaZondi! Ẹnu tìẹ ò ní ilẹ̀kùn ni?"

MaZondi ni èmi, ọmọ ilé Zondi. Wọ́n ní kí n padà sílé bàbá mi lọ mú ewúrẹ́ ìtọrọ àforíjì wá. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ni bàbá mi ní. Mo fà á gba iwájú ẹ̀rọ omi kọjá lójú gbogbo obìnrin abúlé, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́.

"Ìyàwó ẹlẹ́nu jíjò ń bọ̀ o!"

Ọdún méjì ló gbà mí kí ẹnu mi tó gbọ́ràn. Ẹ̀rín yẹn ò kúrò létí mi rí.

Ọdún karùn-ún ni Velaphi, àbúrò ọkọ mi, mú Lineo wálé. Velaphi ń ṣiṣẹ́ kùsà lọ́nà Johannesburg, ibẹ̀ ló ti pàdé rẹ̀. Ọmọ Mokhotlong ni Lineo, lókè lọ́hùn-ún ní Lesotho. Sesotho ni èdè tirẹ̀. Ó dé pẹ̀lú kúbùsù aláwọ̀ ewé kan léjìká, àti isiZulu tí kò tó fi ra búrẹ́dì.

MaNgubane pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà màlúù.

"MaZondi, ìwọ lo mọ̀wé nínú wa. Ẹ̀kọ́ ọmọ yìí di ọwọ́ rẹ. Orúkọ bàbá àgbà ni kó o kọ́kọ́ fi hàn án o. Tó bá gbàgbé èyí tó kù, kó má gbàgbé ìyẹn."

Orúkọ bàbá àgbà. N ó kọ ọ́ síbí fún yín. Kíkọ kì í ṣe pípè, ẹnu mi ò ní í gbé e. Siphepho. Ìjì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ti kú kí n tó dé ilé náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù rẹ̀ ò kú. Nítorí rẹ̀, àwa obìnrin ilé Dlomo kì í pe ewé tí a ń sun fún àwọn òkú ilé ní imphepho, bí gbogbo èèyàn ṣe ń pè é. Isithunqiso là ń pè é, ohun tó ń rú èéfín.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sọ́kàn. Àwọn ni mo fi ṣìkà.

Lineo ra ìwé ìkọ̀wé kan ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo ń kọ ọ́ fún un, torí ọwọ́ mi gún, isiZulu tirẹ̀ kò sì tíì ṣeé kọ. Ní apá òsì, ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ. Ní apá ọ̀tún, èyí tí a ń sọ dípò rẹ̀. Mo ní kó máa gbé ìwé náà pa mọ́ sábẹ́ kúbùsù rẹ̀.

"Àwọn àgbà ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn wà nínú ìwé," ni mo wí. Òótọ́ ni mo sọ lọ́jọ́ yẹn.

Mo fi ìlà àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún orúkọ bàbá àgbà. Ẹ̀rù bà mí láti kọ ọ́. Mo ní, "Má ṣèyọnu, n ó kọ ọ́ tí ara rẹ bá ti mọlé." Ìlà náà wà lófìfo bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo bí ọmọ yìí ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀. Tílẹ̀ bá ti mọ́, á ka hóró ẹ̀wà mẹ́wàá sínú àpò òsì. Bó bá ti sọ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tuntun náà láìṣì í, á mú hóró kan bọ́ sí àpò ọ̀tún. Tí ó bá ṣì í, hóró náà á padà. Bí àpò ọ̀tún bá kún nírọ̀lẹ́, á da ẹ̀wà náà sínú ìkòkò.

"Ausi Thembekile, ẹ bá mi jẹ ọ̀rọ̀ òní o!"

Ausi ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin níbi tó ti wá. Òun nìkan ló ń pe orúkọ àbísọ mi nínú ilé yẹn. MaZondi ni mo jẹ́ fún gbogbo èèyàn tó kù.

Kí n má parọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. A jọ ń ṣẹ́gi, a jọ ń rẹ́rìn-ín. Èmi ló kọ́kọ́ sọ fún pé òun ti lóyún. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ikùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ lórúkọ, Ausi. Ẹ fún un ní orúkọ tí mi ò ní máa bẹ̀rù àtipè."

Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́rin péré ni, ọmọ Lesotho yìí ti mọ ohun tó gbà mí lọ́dún méjì. Ni MaNgubane bá bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀! Ẹnu bí oyin! MaZondi, àbí òun ló yẹ kó máa kọ́ ọ ni?"

Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Lineo á bojú wolẹ̀, á ní, "Ausi ló kọ́ mi, Mama." Ìyẹn ló tilẹ̀ ń dùn mí jù. Bó bá jẹ́ pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ǹ bá ti bá a jà, ọ̀rọ̀ á tán.

Bí àlejò bá dé, wọ́n á ní kí Lineo gbé ọtí wá, kí wọ́n lè gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Wọ́n á wá máa rántí ewúrẹ́ bàbá mi. Mbongeleni ọkọ mi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Ní oṣù keje ọdún náà, bàbá ọkọ mi lá àlá bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní àfi kí a pọntí, kí a pa ẹran, kí a sun ewé fún un nínú ilé ńlá. Ìyàwó kan ló máa ń gbé ewé náà wọlé lórí àpáàdì, á kúnlẹ̀, á sọ ohun tó gbé wá. Èmi ni mo gbé e lẹ́ẹ̀mejì tí irú rẹ̀ ti wáyé. Iṣẹ́ ìyálé ni.

Bàbá ọkọ mi wo gbogbo wa níwájú ilé.

"Ìyàwó kékeré ni kó gbé e lọ́tẹ̀ yìí. Ẹnu tirẹ̀ mọ́."

Kò wo ojú mi. MaNgubane mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mbongeleni tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni Lineo gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn ilé ìdáná.

"Ausi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ti ọjọ́ Sátidé fún mi. Ẹ̀rù ń bà mí."

Mo gba gègé. Mo kọ ọ̀rọ̀ ọtí, ó tọ́. Mo kọ ọ̀rọ̀ ẹran, ó tọ́. Mo kọ ti igbá, ti ẹní, ti ẹnu ọ̀nà. Nígbà tó kan ewé sísun, ọwọ́ mi dúró.

Mo kọ isithunqiso sí apá òsì. Mo kọ imphepho sí apá ọ̀tún.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo yí ìlà kan padà. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á ní gègé ló ṣì. Mo ṣí ìwé náà sẹ́yìn, mo wo ìlà àkọ́kọ́ tó ṣófo, mo sì pa á dé.

"Ó tán?"

"Ó tán."

"Ẹ ṣeun, Ausi."

Ohun tí mo ń rò ni pé wọ́n á rán an lọ mú ewúrẹ́ wá bíi tèmi. Wọ́n á fi í rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ kan, ara á tù mí. Mo búra fún yín, mi ò rò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọlọ́run tilẹ̀ fún mi láyè. Lọ́jọ́ Ẹtì, a jọ ń lọ àgbàdo lórí ọlọ, ó dáwọ́ dúró.

"Ausi, Mama pe ewé yẹn ní isithunqiso láàárọ̀. Ẹ̀yin sì kọ ọ́ pé a kì í sọ ọ́."

Mo da àgbàdo kún orí ọlọ.

"Nílé wa, phefo là ń pè é," ó ní. "Ó jọ èyí tí ẹ ní kí n máa sọ. Mo wá ń rò ó pé bóyá ìdàkejì ni."

Ẹ wò ó, gbólóhùn kan péré ni mo nílò. "Háà, mo ṣì í kọ ni, gbé gègé wá." Ó wà lẹ́nu mi. Mo wá ro ohun tí bàbá ọkọ mi sọ, pé ẹnu tirẹ̀ mọ́.

Mo ní, "Mama ti kọjá ọjọ́ orí ọmọ bíbí. Wọ́n ti tú ẹnu tirẹ̀ sílẹ̀, ohun tó bá wù ú ló lè sọ. Ìwọ ńkọ́? Àbí ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ọ̀rọ̀ ilé ọkọ mi?"

Ojú tì í. "Ẹ má bínú, Ausi. Mi ò ní irú èrò bẹ́ẹ̀." Ó mú hóró ẹ̀wà kan nínú àpò òsì, ó jù ú sí ọ̀tún. Ó ń sọ ọ́ lábẹ́ ètè rẹ̀ bó ṣe ń lọ àgbàdo, imphepho, imphepho, kó má baà gbàgbé.

Ọjọ́ Sátidé dé. Ilé ńlá kún fọ́fọ́. Àwọn ọkùnrin wà lápá ọ̀tún, àwa obìnrin wà lápá òsì. Àǹtí Zibuyile, àbúrò bàbá ọkọ mi, wá láti Pietermaritzburg. Velaphi nìkan ni kò sí níbẹ̀, wọn ò fún un láyè níbi iṣẹ́. Bàbá ọkọ mi jókòó nítòsí ìsàlẹ̀ ilé lọ́hùn-ún, níbi tí a ti ń bá àwọn òkú sọ̀rọ̀.

Lineo wọlé. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù méje, ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí àpáàdì má baà mì. Ó kúnlẹ̀. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara.

"Bàbá, mo gbé imphepho wá."

Ó pe òkú náà lórúkọ níbi tí a ti ń bá òkú náà sọ̀rọ̀.

"Kí lo pè é?" Ohùn bàbá ọkọ mi kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀ lọ.

Lineo rò pé kò gbọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó tún un sọ, ó gbé ohùn sókè díẹ̀.

MaNgubane fi ìborùn rẹ̀ bojú. Ọkùnrin àgbà kan dìde, ó jáde. Bàbá ọkọ mi gba àpáàdì náà, ó dojú rẹ̀ dé sórí ilẹ̀, iná sì kú. Níbẹ̀ ni Lineo ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣe. Kò mọ ohun tó jẹ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá wò mí.

Mo wo ilẹ̀.

MaNgubane jágbe mọ́ mi. "MaZondi! Ṣé o ò fi orúkọ bàbá àgbà hàn án ni?"

"Mo fi hàn án, Mama. Ọjọ́ kìíní gan-an."

Mo mọ̀ pé ojú Lineo wà lára mi. Mo ń dúró kó pariwo pé irọ́ ni. Ó tẹ orí ba.

Bàbá ọkọ mi ní, "Kó padà sílé wọn lọ mú ewúrẹ́ funfun wá. Kó dé kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí."

"Bàbá, ẹ wo ikùn rẹ̀," MaNgubane bẹ̀bẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ bímọ."

"Torí ikùn náà ni. Ṣé inú ẹ̀gàn yìí lo fẹ́ kí ọmọ ọmọ mi bọ́ sí? Ọkọ̀ ń gòkè lọ lójoojúmọ́. Kó lọ."

Àǹtí Zibuyile dá sí i, bàbá ọkọ mi kò gbọ́. Wọ́n fóònù Velaphi, kò wọlé.

Mo wọ ilé ìdáná, Lineo tẹ̀ lé mi. Mo rò pé ìjà ló fẹ́ jà. Ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù.

"Ausi, mi ò mú ìwé náà jáde o. Wọ́n á mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, wọ́n á lé ẹ̀yin náà lọ. Mo mọ̀ pé ẹ gbàgbé láti kọ orúkọ yẹn ni. Gbogbo èèyàn ló ń gbàgbé."

Ṣé ẹ gbọ́? Mo rán ọmọ ọlọ́mọ sínú iná, ó ń bò mí láṣìírí. Ó tilẹ̀ ti bá mi wá àwáwí sílẹ̀. Bí mo bá ké lọ́jọ́ yẹn pé, "Ẹ dá a dúró, èmi ni!", bóyá ewúrẹ́ méjì ni wọn ì bá gbà lọ́wọ́ mi.

Mo ní, "Má mú un jáde láé."

MaNgubane ní kí n sìn ín dé Mokhotlong. Mo ní ikọ́ ń ṣe ọmọbìnrin mi. Ikọ́ wo? Ọmọ náà ń sáré kiri lẹ́yìn adìẹ. N kò fẹ́ jókòó tì í nínú ọkọ̀ ni. Ọjọ́rú ló lọ, òun nìkan, pẹ̀lú kúbùsù aláwọ̀ ewé rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, mo ṣílẹ̀kùn ilé ìdáná, mo rí i pé òkè Lesotho ti funfun báláú. Yìnyín ti bò ó.

Àwa tó wà nísàlẹ̀ ń yáná. Ọjọ́ kẹta, kò sí ìròyìn. Ọjọ́ kẹfà, wọ́n ní ojú ọ̀nà Sani tó gòkè lọ sí Lesotho ti dí. MaNgubane kò jẹun mọ́. Èmi ń fọ aṣọ tó mọ́, mo tún ń fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ kejìlá, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo wà níta, mo rí ẹnì kan tó ń gun òkè ilé wa bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó fa ewúrẹ́ funfun kan dání. Mo kọ́kọ́ mọ kúbùsù náà. Mo wá wo ikùn rẹ̀.

Ikùn rẹ̀ ti di pẹlẹbẹ.

Gbogbo ilé jáde. Àǹtí Zibuyile kò tíì padà, ó ní òun ò ní í lọ títí òun ó fi rí ọmọ náà. Lineo so ewúrẹ́ mọ́ òpó. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá ọkọ mi, ó sì lo ọ̀rọ̀ ilé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò ṣì ọ̀kan.

"Bàbá, mo mú ewúrẹ́ dé. Ẹ foríjì mí. Yìnyín mú ọkọ̀ lórí òkè. Àwa méje la wà nínú rẹ̀. Awakọ̀ fi jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bò mí. Ọkùnrin ni mo bí síbẹ̀. Ó ké lẹ́ẹ̀mejì."

MaNgubane ti wólẹ̀. "Yéè! Ọmọ ọmọ mi o!"

"Ìyá mi ló sin ín. Wọ́n bi mí léèrè orúkọ rẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní ẹnì kan ló fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ."

Bàbá ọkọ mi fi ọ̀pá ti ara rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀.

Lineo yíjú sí Àǹtí Zibuyile. Ó ki ọwọ́ sábẹ́ kúbùsù, ó mú ìwé náà jáde.

"Àǹtí, ẹ̀yin lọmọ ilé yìí, kò sí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ èèwọ̀ lẹ́nu yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún mi láti òkè délẹ̀. Ẹ sọ ibi tí mo ti ṣì í. Mi ò fẹ́ ṣì í mọ́ láyé mi."

Mo rí ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wò mí. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Àǹtí Zibuyile wọ awò ojú rẹ̀. Ó ṣí ìwé.

"Ìlà àkọ́kọ́ ṣófo."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Omi, ó tọ́. Ọ̀nà, ó tọ́. Ewúrẹ́, ó tọ́. Ó ṣí ojú ìwé, ó tún ṣí i. Ó ń fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọtí, ẹran, igbá, ẹní, ẹnu ọ̀nà. Ìka rẹ̀ dúró.

Ó yọ awò, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Ta ló kọ ìwé yìí?"

Lineo yíjú sí ewúrẹ́ rẹ̀. Ó ṣì ń bò mí, tàbí ó ń fún mi láyè ìkẹyìn. Mbongeleni ọkọ mi sún mọ́ ìwé náà, ó yọjú wò ó. Ó mọ ọwọ́ mi. Èmi ni mo máa ń kọ lẹ́tà sí i nígbà tó ń fẹ́ mi.

"MaZondi," ó ní. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Gègé ló ṣì," mo wí. "Gègé ló..."

"Gègé?" Àǹtí Zibuyile gbé ìwé náà sókè sí mi. "Ọ̀rọ̀ mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún ló wà níbí, gègé rẹ ò ṣì ọ̀kan àfi èyí? Orúkọ bàbá mi náà, gègé ló fo ìyẹn? Ìwọ tó o ní ọjọ́ kìíní gan-an lo fi hàn án!"

Ni mo bá kúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, àní pé ó bi mí léèrè lọ́jọ́ Ẹtì, tí mo sì fi ìbínú pa á lẹ́nu mọ́.

"Mo fẹ́ kí wọ́n fi í rẹ́rìn-ín ni," mo ń sunkún. "Bí wọ́n ṣe fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín lásán ni mo fẹ́."

Ìgbà yẹn ni Lineo wá wojú mi.

"Ẹ̀rín?"

Ọ̀rọ̀ kan yẹn ló sọ. Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ mú ewúrẹ́ wá. Mo ní màlúù ni bàbá mi máa mú wá, kódà kó lọ yá a. Bàbá ọkọ mi dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"A ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Ewúrẹ́ kì í wẹ irú èyí."

Wọn ò lé mi, nítorí àwọn ọmọbìnrin mi méjèèjì. Wọn ò sì dárí jì mí. Velaphi dé láti Johannesburg, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi fún ìgbà pípẹ́, ó wò mí, ó sì lọ. Nígbà tó yá, bàbá àti ìyá ọkọ mi kú láìtún pè mí jókòó tì wọ́n. Títí MaNgubane fi kú, kò yin ọ̀rọ̀ ẹnu ìyàwó kankan mọ́, kò sì fi ti ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín.

Ọdún mẹ́rìnlélógún rèé. Lineo ṣì wà nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú mi. Ó bí ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn. Ó ń kí mi láàárọ̀. Bí ara mi ò bá yá, ó ń gbé wàrà kíkan wá sẹ́nu ọ̀nà mi, á gbé e sílẹ̀, á lọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa yí ọ̀rọ̀ po fún ẹlòmíràn, ẹ gbọ́ èyí tó kù, torí èyí ni ìyà mi.

Ní isiZulu, ìrètí ni ithemba. Ẹ rí i pé ó wà nínú orúkọ mi. Ọ̀rọ̀ tí èèyàn ń sọ lójoojúmọ́ ni. Mo ní ìrètí pé òjò á rọ̀. Mo ní ìrètí pé o sùn dáadáa.

Ní bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ikú ọmọ yẹn, mo ń ká aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé rẹ̀. Ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà ń ka ìwé iléèwé sókè, ó kan ọ̀rọ̀ náà, ó kà á.

"Nínú ilé tèmi, a kì í sọ ìyẹn," Lineo wí. "Ìdúródè ni kó o pè é."

"Kí ló dé, Mama? Tíṣà ò ní í gbà á."

"Níléèwé, máa sọ ti tíṣà. Níbí, máa sọ tèmi."

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí sílẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wọ yàrá, tó tilẹ̀kùn, kò sọ ọ̀rọ̀ yẹn mọ́, kò ṣèèṣì rí. Ó ti yọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ní ìró orúkọ mi kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó sì wá òmíràn rọ́pò wọn, bí mo ṣe kọ́ ọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ náà ti mọ̀ ọ́n.

Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ló bi í léèrè lọ́jọ́ kan, mo gbọ́. Ó ní, "Mama, ṣé orúkọ àgbà kan ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni?"

"Rárá," Lineo dáhùn. "Orúkọ òkú ni."